Oògùn Tó Gbè Lẹ́yìn Àrùn Bàbá Rọra

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ ní Dáhùnsí lẹ ń wá, àwọn èèyàn á kàn máa wò yín ni. Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Rọra lẹ ń wá, kódà oníkẹ̀kẹ́ tó ń sáré kọjá á dúró fi ilé hàn yín, á sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń pariwo "Rọra! Rọra! Mo ní kí o rọra!" ní Wọ́ọ̀fù Àpápá, ariwo ọ̀hún sì bá a délé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, rọra. Bí aládùúgbò bá ń ti jẹnẹrétọ̀ wọlé, rọra. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá, bí wọ́n ti ń sọ pósí sínú sàréè, a kàn ṣàdédé gbọ́ "Rọra! Ẹ gbé apá òsì sókè díẹ̀!" ni. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Ó máa ń dúró sórí ọkọ̀ ojú omi níbi tí awakọ̀ kéréènì ò ti lè rí inú àjà ọkọ̀, á máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó na ìka sókè, ẹrù á gòkè. Ó na ìka sílẹ̀, ẹrù á máa bọ̀ nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Sígínámáànù ni wọ́n ń pe irú wọn. Ẹni tó ń wa kéréènì fún un ni Oghenetega, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí sí Olódì-Àpápá, tó ń sọ Yorùbá ju ọmọ Yorùbá míì lọ, àfi bí inú bá bí i ló máa ń bọ́ sórí Píjìn. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn débi pé Oghenetega lè mọ̀ láti òkè kéréènì bóyá Dáhùnsí bá ìyàwó rẹ̀ jà láàárọ̀.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí Dáhùnsí ò fi ṣeré rárá: a kì í fún kéréènì ní àmì méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí, òun nìkan sì ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa wò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí eruku ò tíì kan àkẹtẹ̀ orí rẹ̀, dúró nísàlẹ̀, ó juwọ́ sí kéréènì pé kó gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ òun. Háà! Dáhùnsí sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí kọ̀ǹténà, ó káwọ́ sáyà. Bí Oghenetega ti rí i, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ búrẹ́dì jáde, ó ń jẹ. Iṣẹ́ dúró gbagidi. Ọ̀gá pariwo títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́.

"Ẹ̀yin ni sígínámáànù ni àbí èmi ni?" Dáhùnsí bi í. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé lọ sùn."

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Ìtàn yẹn ni Dáhùnsí máa ń sọ fún gbogbo àlejò tó bá wọlé rẹ̀, tí Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ á sì máa bá a parí rẹ̀ láti ibi ìdáná, nítorí ó ti há sí i lórí. Àdùfẹ́ ń ta tapólì ní Ìjọra, àwọn ìbora ńláńlá tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò. Mùsùlùmí ni, ọkọ rẹ̀ sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti jà lórí ohun gbogbo nínú ilé yẹn àfi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ọ̀fun ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn Dáhùnsí kọ́kọ́ há, gbogbo wa sì ní ariwo ló fà á. Ó jẹ orógbó, ó lá oyin, ohùn ò là. Àdùfẹ́ ló fà á lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtànṣán jó o, àrùn náà sì lọ. Dáhùnsí padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àdùfẹ́ náà ṣe sàráà. Nígbà tó yá, kókó kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kò ju èkùrọ́ kan lọ. Àrùn ti padà dé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Diepreye ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Ijaw ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Bàǹdírì, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ó sọ fún Dáhùnsí pé oògùn tuntun kan wà tí ọsibítù àwọn ń fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé e lórí.

"Bàbá, nínú ẹ̀jẹ̀ yín, àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ara," ó wí. "Àrùn yìí ló ń tan wọ́n jẹ, ó ń ṣe bí ará ilé. Oògùn yìí ló máa là wọ́n lójú, kí wọ́n rí i pé olè ni."

"Ó yé mi," Dáhùnsí dáhùn. "Sikiọ́rítì tó ń sùn lẹ fẹ́ jí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà á máa ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lẹ sì gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Èkíní, ó ní kókó náà lè wú díẹ̀ kó tó fà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ń rọ́ wọ ibẹ̀. Èkejì, ó ní àwọn kan wà, wọn ò pọ̀, tó jẹ́ pé oògùn yìí kì í bá ara wọn mu rárá, dípò kí àrùn sá, ńṣe ló máa ń sáré dàgbà. "Nítorí náà, bó bá ń yára wú, tí oúnjẹ ò lọ, tí èémí ń há, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá."

Àdùfẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó ti jáde lọ ra omi. Nígbà tó padà dé, tó béèrè ohun tí dókítà wí, Dáhùnsí ní, "Ó ní ó lè wú díẹ̀ kó tó fà." Ó tán. Ọ̀rọ̀ kejì ti gba etí kan wọlé, ó ti gba etí kejì jáde. Bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá dùn mọ́ wa là ń gbé relé.

Wọ́n fa oògùn náà sí i lára. Kò dùn ún, kò bì, irun rẹ̀ ò já. Ó rìn jáde ní ọsibítù bí ẹni tó lọ gé irun, ó ní tó bá jẹ́ báyìí ni, kí wọ́n tún fa ọ̀kan sí i kí òun má baà tún ṣe wàhálà padà wá. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì pé ni kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan bó ti ń wẹ̀, ó rí i pé ó ti kúrò ní èkùrọ́. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ó ti tó àgbálùmọ̀ kékeré, ó sì le gan-an.

"Ó ní ó máa wú," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó mú táwẹ̀lì, ó fi wé ọrùn.

Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ọmọ Wọ́ọ̀fù tí kì í fi táwẹ̀lì kọ́ ọrùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ta ló máa wo táwẹ̀lì ọrùn Dáhùnsí lẹ́ẹ̀mejì? Ó wé e lọ síbi iṣẹ́, ó wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wé e jókòó níwájú ìyàwó rẹ̀. Àdùfẹ́ bi í pé kí ló dé, ó ní atẹ́gùn inú ilé ń fẹ́ òun. Ilé wo? Ilé tó jẹ́ pé bí iná bá ti lọ, èèyàn lè fi òógùn fọ aṣọ!

Oúnjẹ ló tú u fó. Dáhùnsí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó jẹun. Ẹ̀bà tirẹ̀ máa ń ga débi pé Àdùfẹ́ ń pè é ní òkè Olúmọ. Ó wá di pé ó ń ti ẹ̀bà sẹ́yìn, ògì ló ń béèrè, ògì náà sì gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi.

"Ààwẹ̀ ni mo ń gbà," ó wí.

"Ààwẹ̀ oṣù wo?" Àdùfẹ́ bi í. "Àwa ti gba tiwa tán, ẹ̀yin náà ti gba tiyín tán. Ààwẹ̀ ta ni, Bàbá Ọlámidé?"

"Tèmi nìkan ni."

Àdùfẹ́ dákẹ́. Nígbà tí obìnrin yẹn bá dákẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò tú táwẹ̀lì náà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ọkọ òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bó ti ń gbé ògì mì. Ó rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé e mì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Oghenetega yà wá kí wọn. Ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹyìn pẹ̀lú ẹja tútù rán sí wọn, òórùn rẹ̀ kún gbogbo ilé. Dáhùnsí wo ọbẹ̀ náà bí ẹni ń wo ará ilé tó ń rìnrìn àjò lọ. Ó ní kí wọ́n gbé e pa mọ́. Oghenetega sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, òun ò gbọ́ ọ rí pé kí wọ́n gbé oúnjẹ pa mọ́. Ó fẹ́ gbá a lẹ́jìká bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ fa táwẹ̀lì, táwẹ̀lì bọ́ sílẹ̀.

Kókó náà ti tó ẹ̀kúnwọ́ kan, ara ibẹ̀ ń dán, ó ti ti àgbọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Lá ìláhà ìlálláhù!" Àdùfẹ́ kígbe. "Bàbá Ọlámidé! Ẹ sì fi èyí jókòó tì mí?"

"Rọra," Dáhùnsí wí, ohùn rẹ̀ sì ti dà bí ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. "Dókítà ní ó máa wú."

"Wíwú rèé? Ọrùn kejì rèé! Ẹ gbé fóònù, ẹ pè é nísinsìnyí."

"Mi ò ní pè é. Ọjọ́ Wẹsidé lọ́jọ́ tó dá fún mi. Òun ló ń darí. Èmi ni kéréènì báyìí, a kì í sì fún kéréènì ní àmì méjì. Tí mo bá gbọ́ tiyín, tí mo gbọ́ tìyá ìjọ, tí mo gbọ́ ti alágbo, ẹrù á já lu èèyàn mọ́lẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n orí kunkun! Inú bí Àdùfẹ́. Ó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru, òun sì ti ń gbọ́ hẹ̀rẹ̀-huru yìí tipẹ́, òun kàn ń fi ọ̀wọ̀ pa á mọ́ra ni. Ó wá yíjú sí Oghenetega.

"Bọ̀dá Tega, ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin yín rí lóòótọ́? Ẹnì kan ṣoṣo?"

Oghenetega họ orí. Kò fẹ́ já ọ̀rẹ́ rẹ̀ kulẹ̀. "Na so, mádáàmù. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń wò. Kó ní kí n gbé e sókè, kó ní kí n gbé e sọ́tùn-ún, òun nìkan ni." Ó wo kókó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Àfi dúró o. Ti dúró yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí kéréènì dúró. Ì báà jẹ́ obìnrin tó ń ta píọ́ wọ́tà nísàlẹ̀, tó bá ti ṣe àmì dúró, mo gbọ́dọ̀ dúró, mi ò gbọ́dọ̀ béèrè pé ta ni. Dáhùnsí, o mọ̀. Ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa."

Dáhùnsí bẹ̀rẹ̀ mú táwẹ̀lì rẹ̀ nílẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Àdùfẹ́ béèrè.

"Apá méjèèjì, mádáàmù. Ẹ nà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, kí ẹ dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀. Ẹ wá máa jù wọ́n."

Àdùfẹ́ dìde. Ó dúró sáàárín ilé, láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga ọkọ rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó sì ń jù wọ́n bí ẹni tó fẹ́ fò. Gèlè rẹ̀ bọ́, kò gbé e. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Dáhùnsí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó ṣe é bí ẹni tí wọn ò kọ́ dáadáa, apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀rín náà yí sí ikọ́, ikọ́ náà sì há a lọ́fun, ó ń wá èémí, kò tètè rí i. Nígbà tó rí i, ìyàwó rẹ̀ ṣì na apá síbẹ̀.

"Ó tó," ó wí. "Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo ti dúró." Ó sì gbé fóònù fúnra rẹ̀.

Dókítà Diepreye ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti rí, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun náà ń bọ̀. Oghenetega ló sáré jáde lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì bá oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ ní Píjìn débi pé ọmọ náà gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ láàárín àwọn tírélà. Bí wọ́n ṣe dé ọsibítù, dókítà ti wà níbẹ̀, sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan kókó náà, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì kú.

Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù kí wọ́n lè máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà fa àga, ó jókòó ti ibùsùn. Ó ní kì í ṣe wíwú lásán, àrùn náà gan-an ló dàgbà, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ láàárín àsìkò tí kò tó nǹkan, ó sì ti ń sún mọ́ ọ̀nà èémí. Ó ní ká ní wọ́n dúró de Wẹsidé, tí wọ́n sì tún fa oògùn yẹn sí i lára, òun ò mọ ohun tí òun ì bá máa sọ fún Àdùfẹ́.

"Oògùn yẹn la máa dá dúró báyìí. A ò ní fún yín mọ́ láé." Ó tẹ orí ba. "Bàbá, èmi ni mo fún yín. Ẹ má bínú."

Ẹ̀rù ba Dáhùnsí. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó dùn létí. Ọkùnrin tó ń dúró sábẹ́ irin tó tó ilé, tí kì í sá, ẹ̀rù bà á bí ọmọdé. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Dókítà, mi ò fẹ́ kú o," ó wí. "Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa kú. Èmi ò tíì fẹ́ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rí i pé dókítà náà ń sunkún. Ó ní, "Ẹ nu ojú yín, ẹ jàre. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú àrùn wá. A jí sikiọ́rítì, àṣé ọ̀rẹ́ olè ni sikiọ́rítì, ó tún bá a gbé ẹrù! Ṣé ẹ̀bi yín nìyẹn? Kí ló tún kù nílé oògùn yín?"

Dókítà ní ó ku kímò, oògùn àtijọ́ kan tó ń pa gbogbo ohun tó bá ń yára dàgbà nínú ara. Ó ní kì í ṣe oògùn ọlọ́gbọ́n, kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, á fojú Dáhùnsí rí màbo, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le, nígbà míì ó sì máa ń mú irú àrùn yìí gan-an.

"Ẹ gbé e wá," Dáhùnsí wí. "Mo mọ irú wọn. Wọ́n pọ̀ ní Wọ́ọ̀fù."

Kímò náà ò sì tàn án jẹ. Ó bì títí tó fi ní òun ti ń bi oúnjẹ tí òun jẹ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Irun orí rẹ̀ já, irùngbọ̀n já, irun ojú náà já, ó wá dà bí ẹyin tí wọ́n ya ojú sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú tì í, ó ní òun ò lọ mọ́. Àdùfẹ́ ní kó jókòó. Ó mú tìróò rẹ̀, ó fi ya irun ojú fún un, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ṣùgbọ́n tapólì ló mọ̀ ọ́n gé, kò mọ irun ojú yà, èyí tọ̀tún sì ga ju tòsì lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé ìparí, ńṣe ni Bàbá Rọra ń wò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yà lẹ́nu. Àlùfáà tó ń wàásù rò pé ìwàásù òun ló wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún fi kún un.

Kókó náà ń rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ padà sáyè. Ó kúrò lórí ògì, ó bọ́ sórí ẹ̀kọ, ó kúrò lórí ẹ̀kọ, ó bọ́ sórí àmàlà rírọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé òkèlè ẹ̀bà mì láìsí omijé, Àdùfẹ́ lọ síta, ó sì ké pe gbogbo ojúlé pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n sì wá lóòótọ́. Dáhùnsí jẹ ẹ̀bà níwájú èrò bí ọba.

Ó padà sí Wọ́ọ̀fù, wọ́n ní kó má gun ọkọ̀ mọ́, kó máa kọ́ àwọn tuntun. Nítorí náà, ó ráyè sọ̀rọ̀. Yéè! Ó sọ ìtàn náà ní ẹnu géètì, ó sọ ọ́ nílé oúnjẹ, ó sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ tírélà tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ó ti ń sọ ọ́ ni kókó ọrùn rẹ̀ ń tóbi sí i nínú ìtàn, tó fi wá dé ìwọ̀n ẹ̀gúsí bàrà. "Oògùn tó ń bọ́ àrùn!" ni wọ́n ń pè é káàkiri Àpápá báyìí.

Ìgbà yẹn ni dókítà pè é. "Bàbá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ o," ó wí. Ó ní awakọ̀ tírélà kan wà tó ń jẹ́ Benson, tó ń gbé Olódì-Àpápá. Jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé oògùn ajísikiọ́rítì yẹn gan-an ló ṣeé ṣe kó ràn án lọ́wọ́ jù. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣe Bàbá Rọra.

Dáhùnsí gbé fóònù kalẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú òun bàjẹ́, ṣùgbọ́n Àdùfẹ́ rí i, ó sì ní kí àwọn jọ lọ.

Wọ́n bá Benson lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tó ti rù, tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ ní abẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní oògùn náà fẹ́ pa yín," Benson wí.

"Ó fẹ́ pa mí ni, mi ò purọ́."

"Ẹ wá ní kí n lọ gbà á?"

"Mo ní kí o lọ gbà á. Obìnrin kan wà tó jókòó tì mí lọ́jọ́ tí wọ́n fà á sí mi lára. Oògùn kan náà, ọjọ́ kan náà. Tirẹ̀ yọ́ dànù bí òrí inú oòrùn, ó ń ta ata ní Bàǹdírì báyìí, kò tilẹ̀ sanra tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kì í sọ ìtàn tirẹ̀, nítorí kò sí ariwo nínú rẹ̀. Tèmi ló dùn ún sọ. Èyí tó máa ṣe fún ìwọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Gbà á. Ṣùgbọ́n má wé táwẹ̀lì mọ́ ọn. Bí ara rẹ bá yí padà, kí gbogbo ilé yìí gbọ́ lọ́jọ́ náà."

Benson wo ọrùn Dáhùnsí. "Tiyín ńkọ́? Ṣé ó ti lọ tán?"

Àdùfẹ́ wolẹ̀. Dáhùnsí lè purọ́, irọ́ náà ì bá sì tètè yí Benson lérò padà.

"Rárá," ó wí. "Ó ṣì wà níbẹ̀, fọwọ́ kàn án. Dókítà ní ó lè má lọ tán láé, ó sì lè tún dìde lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá fọwọ́ kan ọrùn mi. Ṣùgbọ́n ká ní mo dákẹ́ títí di Wẹsidé yẹn ni, obìnrin yìí ì bá máa dá nìkan jẹ ẹ̀bà."

Ìyàwó Benson ti ṣíwọ́ abẹ̀bẹ̀. Benson nawọ́ sí i pé kó gbé fóònù òun wá. Ó ní kí bàbá ka nọ́ńbà dókítà náà fún òun.

Dáhùnsí mọ nọ́ńbà yẹn lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, omijé ayọ̀ ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Àdùfẹ́ ló bá a parí rẹ̀.